Nígbà Tí A Sọ Àjà Ilé Wa ní Òwu Di Yàrá

Ìgbà ọyẹ́ ni ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ wá bá mi ní Òwu, ní Abẹ́òkúta, pé àwọn fẹ́ máa gbé nínú àjà ilé mi. Mo kọ́kọ́ rò pé yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ní lọ́kàn, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún wọn pé ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í pa dé dáadáa. Àna mi rọra gbọ́ mi títí mo fi parí, nítorí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sókè.

"Àjà gan-an ni mo wí, Mọ́mì. Abẹ́ páànù lọ́hùn-ún."

"Níbi tí àgbàdo wà?"

"Ibẹ̀ gan-an, mà."

Mo wo ojú ọmọ mi, bóyá yóò rẹ́rìn-ín kí n lè mọ̀ pé eré ni wọ́n ń ṣe. Kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ilé náà kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Bàbá mi ló kọ́ ọ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni, ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ọmọdé lè jókòó sójú fèrèsé rẹ̀ kó sì na ẹsẹ̀. Ní iwájú nísàlẹ̀, ṣọ́ọ̀bù méjì ló kọjú sí títì. Aránṣọ wà nínú ọ̀kan, obìnrin tó ń ta ìwé àti bírò wà nínú ìkejì. Èmi ń gbé lókè. Láàárín ilé ni àgbàlá wà, kò ní òrùlé, àpáta sì yọ jáde nínú ilẹ̀ rẹ̀ bí ó ṣe máa ń yọ nínú ọ̀pọ̀ àgbàlá ní Abẹ́òkúta. Ibi kan ṣoṣo tó tẹ́jú níbẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí ìkòkò aró wà. Lókè pátápátá, lábẹ́ páànù, ni àjà tí à ń wí yìí: pákó ìrókò la fi tẹ́ ẹ, ó fẹ̀ bí ilé náà ṣe fẹ̀, àgbàdo, àga tó ti ṣẹ́ àti àpótí ìyá mi nìkan ló ń gbé ibẹ̀.

Ilé tí wọ́n háyà ní Èkó ti sú wọn. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni ọmọ mi ń ṣe níbẹ̀, ó sì ti ṣírò rẹ̀ pé òun lè máa wọ ọkọ̀ ojú irin láti Abẹ́òkúta láàárọ̀. Ní ti ọkọ rẹ̀, àwòrán ilé ló ń yà, orí kọ̀ǹpútà ló sì ti ń ya púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, ibi yòówù kó jókòó sí. Ó ṣàlàyé fún mi pé nílùú òkèèrè, àwọn èèyàn máa ń sọ àjà àti ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ di ibùgbé, tí ṣọ́ọ̀bù yóò wà nísàlẹ̀, tí iṣẹ́ ọwọ́ yóò wà lẹ́yìn, tí èèyàn yóò sì máa gbé lókè. Ó ní ọ̀nà ìgbé ayé tuntun ni.

"Tuntun kọ́," ni mo sọ fún un. "Bàbá mi ta aṣọ nísàlẹ̀, ó sùn lókè, ìyá mi sì ń gún èlùbọ́ láàárín àgbàlá. Nínú ilé yìí náà ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun, mà. Mo máa yọ 'tuntun' kúrò nínú ọ̀rọ̀ mi."

Ó sì yọ ọ́ lóòótọ́. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Mo fẹ́ràn ohun tó fẹ́ ṣe, ìyẹn lẹ́yìn tí mo gbà pé èèyàn lè sùn níbi tí àgbàdo ti sùn. Kò ní wó ògiri alámọ̀ náà, nítorí pé kì í jẹ́ kí ooru tètè wọlé. Kò ní ra ẹ̀rọ amúlétutù. Yóò gbé apá kan òrùlé sókè díẹ̀ kí ooru lè ráyè jáde, yóò la fèrèsé fífẹ̀ sí ìhà àgbàlá kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé, yóò sì fi pákó ìrókò tó bá ṣẹ́kù kan àtẹ̀gùn. Sólà ni yóò máa tan iná. Omi òjò tó bá ṣàn kúrò lórí páànù, yóò máa gbà á sínú tánńkì ńlá nínú àgbàlá. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ tánńkì yìí, ó fi pẹ́ńsù ya àmì róbótó kan síbi tó tẹ́jú ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo rò pé a óò ṣì jíròrò rẹ̀.

Ibi tó ya àmì sí yẹn ni ìkòkò Ìyá Aláró wà.

Bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é náà nìyẹn, èmi náà kì í pè é ní nǹkan mìíràn. Ó jù mí lọ díẹ̀ lọ́jọ́ orí. Ìyá mi ló fún un ní àyè nínú àgbàlá náà nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, nítorí àpáta wa: bó bá sá aṣọ sórí rẹ̀, kì í pẹ́ gbẹ. Láti ìgbà náà ló ti wà níbẹ̀, pẹ̀lú ewé ẹ̀lú rẹ̀, omi eérú rẹ̀ àti okùn tó ta láti ògiri dé ògiri, tí àdìrẹ ń kán omi láti orí rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń fi kẹ́míkà pa tiwọn láró ti pọ̀ nílùú, iṣẹ́ tiwọn sì yá ju tirẹ̀ lọ. Òun kò fi aró ewé sílẹ̀. Aró ewé máa ń rùn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n òórùn náà ti mọ́ mi lára débi pé bí mo bá lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Wásinmi tí mo sì sùn síbẹ̀, ilẹ̀ máa ń mọ́ bá mi bí ẹni tó gbàgbé nǹkan.

Láràárọ̀ ni a máa ń kí ara wa, èmi lójú fèrèsé, òun lẹ́bàá ìkòkò.

"Tíṣà, ẹ ò jíire bí? Ṣé ilé-ìwé ò sí lónìí ni?"

"Mo ti fẹ̀yìn tì, Ìyá Aláró. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ fẹ̀yìn tì, ohùn yín ò tíì fẹ̀yìn tì. Mo gbọ́ yín lánàá tí ẹ ń bá aránṣọ wí nítorí pé ó kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ."

"Ó kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ ni."

"Ṣé aṣọ tó ń rán náà rí wọ́gọwọ̀gọ?"

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí àjà. Nígbà tí wọ́n gbé òrùlé sókè tí wọ́n sì la fèrèsé tán, àna mi gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn ooru síbẹ̀, ó sì ń lọ wò ó ní ọ̀sán gangan bí ẹni tó ń lọ wo ọmọ tó ń sùn. Ẹ̀rùn ti mú nígbà náà, oòrùn ń jó páànù, síbẹ̀ inú àjà tutù. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó ya fọ́tò ẹ̀rọ náà, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Èmi náà gun àtẹ̀gùn tuntun náà, mo jókòó sórí àpótí ìyá mi, atẹ́gùn kan sì fẹ́ wọlé láti ìhà àgbàlá, ó tutù lára bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

Ìparí ọ̀sẹ̀ ni ọmọ mi máa ń wá sùn síbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí. Ní ọ̀kan nínú ìparí ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, ó wọ yàrá mi, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sọ ohun tí mo ti ń gbàdúrà fún. Ó ti lóyún. Ó ní kí n má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sídìí fún un láti rán mi létí. Oyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í ṣe ohun tí à ń kéde. Ẹni tó bá fura sí i pàápàá yóò ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan títí ikùn yóò fi fi ara rẹ̀ hàn.

Aró ni oyún náà kọ̀. Bí ọmọ mi bá fẹ́ kọjá nínú àgbàlá, á fi gèlè bo imú, á sì yára bí ẹni tí òjò ń lé. Lẹ́ẹ̀kan, ó tutọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, Ìyá Aláró sì wà níbẹ̀, ó ń ká aṣọ. Mo rí i láti ojú fèrèsé. Ìyá Aláró wò ó díẹ̀, lẹ́yìn náà ó kọjú sí okùn rẹ̀ padà. Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣàlàyé fún un. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ tí n kò ní tú àṣírí ọmọ mi?

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá Aláró gòkè wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́, ohun tí kì í sábà ṣe, nítorí orúnkún rẹ̀. Ó jókòó, ó kí mi kú iṣẹ́ ilé, ó kí mi kú ìnáwó, ó gbàdúrà sórí àjà tuntun. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé àbúrò òun obìnrin ní àgbàlá ńlá kan ní Adìgbẹ tí ó ṣófo, pé òun yóò kó ìkòkò òun lọ síbẹ̀.

"Títí di ìgbà wo?" ni mo bi í.

"Ká ṣì máa wò ó, Tíṣà."

"Ṣé ẹnì kan ṣẹ̀ yín ni?"

"Ta ló máa ṣẹ̀ mí nínú ilé yìí? Orúnkún mi ni. Ilẹ̀ Adìgbẹ tẹ́jú."

Ilẹ̀ Adìgbẹ tẹ́jú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orúnkún náà ti pẹ́ lára rẹ̀, kò sì lé e kúrò lórí àpáta wa rí. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ tán, mo lọ wo tábìlì tí àna mi máa ń tẹ́ àwòrán rẹ̀ sí nísàlẹ̀. Ìwé náà ṣí sílẹ̀ gbayawu, àmì tánńkì náà sì wà níbẹ̀, ní ibi ìkòkò gẹ́lẹ́. Mo ní Ìyá Aláró ti rí i, ọkàn mi sì bà jẹ́. Mo pe àna mi, mo sì fi hàn án. Ó di orí mú.

"Mọ́mì, mo kàn ń gbìyànjú rẹ̀ wò ni! Mo rò pé ẹ̀yin máa bá mi bá wọn sọ̀rọ̀."

"Èmi sì rò pé ìwọ lo máa bá wọn sọ ọ́."

Nígbà tí a fi rí àyè gbójú sókè, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ti wá kó àwọn ìkòkò náà lọ. Ìyá Aláró tú okùn rẹ̀, ó fi omi fọ ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ó kí wa pé ó dàbọ̀. Mo rò pé a ti lé e jáde láì la ẹnu.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà ni àjà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Àna mi kò gbà á gbọ́. Ó gun òrùlé, ó yẹ gbogbo ihò tó là wò, ó ní bóyá ẹyẹ ti kó koríko síbẹ̀. Kò sí koríko kankan. Ẹ̀rọ kékeré rẹ̀ ń sọ ohun kan náà lójoojúmọ́. Ó sọ fún mi pé òun ti ṣi àwọn ẹlẹgbẹ́ òun lọ́nà, pé àjà kò ṣeé gbé, pé ó yẹ kí òun gbọ́ tèmi lórí ọ̀rọ̀ àgbàdo. Ìyẹn bà mí nínú jẹ́, nítorí n kò fẹ́ jàre lórí ọ̀rọ̀ yẹn mọ́.

Ọmọ mi ló sọ ọ̀rọ̀ tó là wá lójú. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní ní ọ̀sán Sátidé, ó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. "Mọ́mì, atẹ́gùn tútù tó máa ń ti àgbàlá wá dà?"

Mo ń ronú sí i títí mo fi sọ̀ kalẹ̀ lọ fọ aṣọ ibùsùn mi. Mo so okùn mọ́ ògiri, mo sì sá aṣọ mẹ́ta tó tutù rinrin síbẹ̀. Kí n tó gòkè padà, ọmọ mi ti ń pariwo láti ojú fèrèsé: "Òun nìyí! Mọ́mì, òun nìyí!"

Aṣọ tútù ni. Atẹ́gùn ẹ̀rùn tó gbẹ ń gba ara aṣọ tútù kọjá, ó ń gba omi ara rẹ̀, ó ń tutù, ó sì ń wọlé wá bá wa. Ohun kan náà ló ń mú kí omi inú àmù tutù, mo sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní i níwájú pátákó. Ihò òkè ń lé ooru jáde bí àna mi ṣe yà á, kò sí àṣìṣe nínú iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àdìrẹ Ìyá Aláró ló ń ṣe ìdajì rẹ̀. Òun náà kò mọ̀. Aṣọ rẹ̀ ló ń sá. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé ní ìgbà òjò, tí atẹ́gùn fúnra rẹ̀ ti tutù, ìyàtọ̀ náà kì í tó bẹ́ẹ̀.

Àna mi fò sókè. "Ẹ jẹ́ ká lọ pè wọ́n padà lónìí, mà!"

"Jókòó," ni mo wí. "A kì í lọ pe Ìyá Aláró bí ẹni ń lọ gbé fáànù. Ohun tó gbé e lọ la máa kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lé lórí. Bó bá gbà, ó gbà. Bí kò bá gbà, ká máa fi aṣọ ibùsùn tiwa ṣe é."

Ó jókòó, ó sì tún àwòrán yà. Ó gbé tánńkì kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó gbé e lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, lórí òpó kọnkéré. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ mọ́tò lọ sí Adìgbẹ. Mo ní kí ọmọ mi dúró sílé nítorí òórùn aró. Ó ní òun ń lọ.

A bá Ìyá Aláró ní àgbàlá àbúrò rẹ̀, ó ti to àwọn ìkòkò náà sí abẹ́ igi máńgòrò. Kí n tó parí ìkíni, àna mi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, mà. N kò fẹ́ fi tánńkì lé yín lọ. Mo ti gbé e kúrò níbẹ̀."

Ìyá Aláró wò mí. "Tíṣà, kí ni ọkọ ọmọ yín ń sọ? Tánńkì wo?"

Àna mi gbórí sókè nílẹ̀. "Èyí tí ẹ rí nínú àwòrán, mà."

"Ta ló rí àwòrán? Ilà lọ́tùn-ún, ilà lósì, kí ni kí n máa wò níbẹ̀? Dìde, jọ̀ọ́, má ba ṣòkòtò rẹ jẹ́."

"Kí ló wá gbé yín kúrò nílé?" ni mo bi í.

Ó kọjú sí ọmọ mi, tó dúró lókèèrè lẹ́bàá géètì pẹ̀lú gèlè lẹ́nu. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi lé sí i lójú.

"Tíṣà, ẹ fẹ́ kí èmi la ẹnu sọ ohun tí ẹ̀yin ìyá rẹ̀ kò tíì sọ?"

Ọmọ mi sọ gèlè kalẹ̀. "Ẹ mọ̀?"

"Ọrùn rẹ ti sọ fún mi láti ọjọ́ tí o ti kọ́kọ́ sáré kọjá lára mi. Èmi náà bímọ. Nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi, aró kan náà yìí ni mo kọ̀, ìyá mi sì jẹ́ aláró! Mo bì í títí. Ṣé kí n wá máa po ewé sí ọ nímú láàárọ̀, kí n sì máa wò ọ́? N kò sì lè sọ pé nítorí èyí ni mo ṣe ń lọ. Mo bá gbé e ka orúnkún."

"Èmi mọ̀, ẹ̀yin mọ̀," ni mo wí, "a sì ń kí ara wa lójoojúmọ́."

"A kí ara wa dáadáa," ló fèsì. "Kò sí ẹni tó tú àṣírí."

Àna mi ti dìde dórí ìkúnlẹ̀, ó ń wò wá níkọ̀ọ̀kan. Ìgbà yìí ni ọmọ mi pẹ̀lú bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò Ìyá Aláró jáde láti inú ilé láti wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, nígbà tó gbọ́, ó ní, "Alihamudulilahi," ó sì lọ gbé àga wá.

Lẹ́yìn náà ni a sọ ọ̀rọ̀ àjà fún un. Ó tẹ́tí gbọ́ àlàyé àna mi nípa atẹ́gùn àti aṣọ tútù.

"Ó túmọ̀ sí pé ẹ fẹ́ kí n wá máa sá aṣọ kí ara yín lè tutù."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mà," ni àna mi wí kíá.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ọmọ mi wí. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Màmá. Ooru ń pa mí."

Ìyẹn ló wọ̀ ọ́ lára. Ó rò ó díẹ̀, ó sì sọ bí yóò ṣe rí. Ìkòkò yóò dúró sí Adìgbẹ. Ibẹ̀ ni yóò ti máa pa aṣọ láró. Ṣùgbọ́n aṣọ tí ó bá ti gbẹ, tí ó kù kí a fi omi ṣan ẹ̀kọ tí a fi ya ọnà sí i kúrò lára rẹ̀, yóò máa kó o wá sí Òwu, ibẹ̀ ni yóò ti máa ṣàn án, tí yóò sì máa sá a. Aṣọ tí a ti ṣàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn mọ́. Bí tánńkì bá ti wà, òun ni yóò kọ́kọ́ máa bu omi òjò rẹ̀, nítorí omi òjò máa ń mú ọṣẹ hó ju omi kànga lọ.

"Kí àwa tó bu tiwa?" ni àna mi bi í.

"Ṣé ẹ̀yin ń pa aṣọ láró ni?"

Àna mi gbà. Nígbà tí a délé, ó ya okùn Ìyá Aláró sínú àwòrán rẹ̀, láti ògiri dé ògiri, bí ẹni ń ya òpó tó gbé ilé dúró.

Wọ́n ti ń gbé lókè báyìí. Ikùn ọmọ mi ti fi ara rẹ̀ hàn, kálukú sì ti ń sọ ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Aránṣọ pàápàá ní òun ti ń fura. Ìyá Aláró máa ń wá pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ tí ó dì, ó máa ń ṣàn án, ó máa ń sá a, a sì máa ń tahùn síra wa bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀, á ká aṣọ rẹ̀, á padà sí Adìgbẹ. Lówùúrọ̀, bí mo bá ṣí fèrèsé, òórùn aró kì í kí mi mọ́. Ibi tó tẹ́jú ní ẹ̀gbẹ́ ògiri ṣófo. Ó ti sọ fún wa pé kí a lo ibẹ̀ fún ohun tó bá wù wá, àna mi sì mọ ohun tó lè ṣe síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní kó máa fi sílẹ̀ ná.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi Ìyá Aláró láti ojú fèrèsé ìgbà tí àwọn ìkòkò náà ń padà bọ̀. Ó ń fún omi lára aṣọ, kò gbójú sókè.

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn kọ́kọ́ dé, Tíṣà. Ẹni tó fi mí sí Adìgbẹ nìyẹn. Òun ni mo máa bi léèrè."